Aláàárù Tíṣà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí irọ́ ṣe wúwo tó, kó lọ bi Tíṣà Olúdáre, ẹni tó gbé tirẹ̀ ka orí ìwọ̀n onígáàsì ní Ṣàngó, lọ́sàn-án gangan, tí àwọn èèyàn sì dúró tì í tí wọ́n ń bá a ka kílò.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Olúdáre. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé e wá sí Ìlọrin, Ìlọrin náà ló ti fẹ̀yìn tì. Ìṣirò ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún márùndínlógójì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n láàárín ìlú. Kíbọ́ọ̀dù ni. Òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ṣàngó láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì náà ti wà lábẹ́ páànù mélòó kan. Ẹni yòówù kó dá orin, ì báà ṣe ìyá arúgbó tí ohùn rẹ̀ ti ha, ì báà ṣe ọmọdé tó dá a sókè ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n tó dé ìlà kejì, Tíṣà ti bá wọn níbẹ̀. Àwọn èèyàn á mi orí. Wọ́n á ní etí Tíṣà kì í ṣe etí lásán, pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni.

Irọ́ ni. Tíṣà ò ní etí kankan.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ojú kan ṣoṣo ni Olúdáre mọ̀ ọ́n tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá sún un kúrò níbẹ̀ pẹ́rẹ́, ìka rẹ̀ á ṣìnà. Ohun tó ń gbà á là ni bọ́tìnnì kékeré kan tí àwọn olórin ń pè ní tránsípósì. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohùn inú kíbọ́ọ̀dù á gòkè díẹ̀. Á tún tẹ̀ ẹ́, á tún gòkè sí i. Ìka onítọ̀hún á sì wà lójú kan náà tó ti mọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń lò ó, kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ibi tí ìtìjú wà ni pé Olúdáre ò mọ ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Morẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló mọ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ni Morẹ́nikẹ́ máa ń dúró sí. Bí orin bá ti jáde lẹ́nu ẹni tó dá a, á rọra fi ìka kan ọkọ rẹ̀ léjìká. Èjìká ọ̀tún, kó gòkè. Èjìká òsì, kó sọ̀kalẹ̀. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Olúdáre á tẹ bọ́tìnnì. Kò sẹ́ni tó fura, nítorí iṣẹ́ mìíràn ni gbogbo ayé rò pé obìnrin náà wá ṣe níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ tí Tíṣà ń lò gùn, ó wúwo bí nǹkan míì, inú àpótí pákó ló sì ń gbé. Ẹni méjì ló máa ń gbé e: Tíṣà á di orí mú, ìyàwó rẹ̀ á di ìdí mú. Ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ ń gbé e kiri. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti gba orúkọ. Ẹ ṣáà mọ àwọn tó ń bá èèyàn ru ẹrù ní ọjà Ipata, tí wọ́n á gbé àpò ẹ̀wà karí tí wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé ẹni tó rà á. "Aláàárù Tíṣà" ni wọ́n ń pe Morẹ́nikẹ́.

Á rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, Olúdáre gba máíkì níwájú ìjọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé. Ó wá nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi kí aláàárù mi o!" Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Morẹ́nikẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó padà jókòó. Nígbà tí wọ́n délé, kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Olúdáre rí i pé kò sọ̀rọ̀. Kò bi í léèrè.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú obìnrin náà lọ. Wọ́n sin ín sí Òkè-Oyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kékeré kan tí àwọn méjèèjì ti ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ tí wọn ò tíì parí.

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù mọ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn sì ń dùn ún lóòótọ́, ẹ má rò pé irọ́ funfun báláú ni. Dókítà ti wò ó, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ohunkóhun tó bá ju kílò mẹ́wàá lọ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn tó ń dùn ún ni kò jẹ́ kó tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn tó ṣófo ni. Àwọn èèyàn káàánú rẹ̀, ìjọ wá ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àfi ìgbà tó ku oṣù kan kí Morẹ́nikẹ́ pé ọdún kan nílẹ̀. Tẹniọlá, àkọ́bí wọn, nọ́ọ̀sì tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, wá bá bàbá rẹ̀ nílé.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ máa tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi ìrántí Mọ́mì, nídìí sàréè wọn ní Òkè-Oyí."

"Ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

"Èyí tó fúyẹ́ ti wà níta báyìí. Ó ní àpò tí èèyàn ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, bátìrì ló sì ń lò. Èmi àtàwọn àbúrò mi la fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Kílò mẹ́wàá ni dókítà sọ, àbí? Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò ní rà á."

Kí ni Olúdáre fẹ́ sọ? Ṣé kó sọ fún ọmọ tó ń yangàn pẹ̀lú etí òun pé òun ò létí? Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn nìkan ló rí dì mú: tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò ní rà á. Ó gbé e lọ́kàn títí wọ́n fi dé Ṣàngó, bẹ́ẹ̀ ló ń gbàdúrà pé kí gbogbo kíbọ́ọ̀dù tó wà nínú ayé wúwo.

Hámzàt ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lọ. Ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni, ó ń ta gbohùngbohùn fún àwọn mọ́ṣáláṣí, ó ń ta ìlù àti kíbọ́ọ̀dù fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń sọ pé nínú ṣọ́ọ̀bù òun, wọn kì í bára wọn jà.

"Baba, àlàáfíà ni? Ẹ jókòó. Irú èwo lẹ fẹ́?"

Tẹniọlá ló dáhùn. "Èyí tí bàbá mi lè dá gbé. Ọ̀kadà la máa gùn débẹ̀, kò sì síná níbẹ̀."

Hámzàt gbé àkọ́kọ́ jáde, ó gùn, bọ́tìnnì dúdú funfun rẹ̀ lé ní ọgọ́rin. Olúdáre fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó wúwo, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Èyí dáa," ló wí. Tẹniọlá ní rárá, èyí ju kílò mẹ́wàá lọ, kò tiẹ̀ sí ọ̀kadà tó máa gbà á. Hámzàt gbé ìkejì jáde. Ìyẹn fúyẹ́, ó rí mìnìjọ̀, àwọn tó ń ṣeré lórí ìtàgé ló ń rà á.

"Àmọ́ mi ò ní í tàn yín, Baba. Èyí ò ní ohùn nínú ara ẹ̀. Ó di kẹ́ ẹ gbé sípíkà tẹ̀ lé e kó tó lè sọ̀rọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!" ni Olúdáre sọ. "Èyí gan-an ni mo fẹ́."

Tẹniọlá yíjú sí i. "Dádì, níbo la ti máa rí iná tí sípíkà máa lò? Ta ló máa gbé sípíkà?"

Ìkẹta ni Hámzàt wá fi ọwọ́ kan gbé sókè, ó ń fì í. Ó ní sípíkà tirẹ̀ nínú, bátìrì mẹ́fà tó mọ níwọ̀n ló ń lò, bọ́tìnnì tránsípósì rẹ̀ sì wà lókè, ó hàn gedegbe. Olúdáre wo bọ́tìnnì náà bí ẹni ń wo ẹni tó mọ àṣírí rẹ̀.

"Ó fúyẹ́ jù," ló wí. "Ohun tó bá fúyẹ́ báyìí kì í tọ́jọ́."

"Wàláì, á tọ́jọ́, Baba."

"Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ lè ní ó fúyẹ́, kó máà fúyẹ́. Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n ni?"

Hámzàt ò bínú. Kò ní ìwọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Ìyábọ̀dé onígáàsì wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù lọ bá a. Ìyábọ̀dé sọ sílíńdà kan kalẹ̀ látorí ìwọ̀n, ó fi àkísà nu ojú rẹ̀, wọ́n sì gbé kíbọ́ọ̀dù lé e. Kílò mẹ́rin ààbọ̀. Àwọn tó wá ra gáàsì náà bá wọn wò ó.

Ibẹ̀ ni Tíṣà ti rántí pé olùkọ́ ìṣirò lòun. Ó ní ṣé kíbọ́ọ̀dù nìkan lèèyàn máa gbé lọ ni? Àpò rẹ̀ ńkọ́? Hámzàt gbé àpò wá, tìmùtìmù inú rẹ̀ nípọn, okùn èjìká méjì ló ní. Wọ́n lé e lórí ìwọ̀n. Ẹsẹ̀ tí wọ́n máa gbé e kà ńkọ́? Hámzàt gbé ẹsẹ̀ onírin wá. Èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nílẹ̀ ńkọ́? Wáyà iná ńkọ́, bí iná bá ṣèèṣì dé? Ohun tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé ńkọ́? Bátìrì mìíràn tí wọ́n máa fi pààrọ̀ ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò lé orí ìwọ̀n, títí ìwọ̀n fi sọ pé kílò méjìlá.

Olúdáre mí kanlẹ̀. "Ẹ rí i? Ó ti kọjá ohun tí dókítà sọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Tẹniọlá ń wo bàbá rẹ̀ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wo ẹni tó ní òun ti lo oògùn òun. Hámzàt ni inúure ò jẹ́ kó rí nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ò nílò wáyà níbi tí ò síná, Baba. Ìwé orin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí? Ẹsẹ̀ onírin yìí ló wúwo jù, ẹ ẹ́ rí tábìlì níbẹ̀, ìnṣà Álláhù." Ìwọ̀n ń sọ̀kalẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó dúró lórí kílò méje.

Ìyábọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Háà, èyí ti dáa fún yín, Baba. Mo mọ̀ yín o. Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ máa ń gbé àpótí gígùn kan kọjá níbí. Ó máa ń wù mí tí mo bá rí yín. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Màmá ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo rí wọn."

Tẹniọlá ló sọ fún un pé wọ́n ti dolóògbé. Ìyábọ̀dé gbọ́wọ́ lérí. Ó ní òun ò gbọ́ o, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ó ní kí wọ́n má bínú. Olúdáre ò mẹ́nu kan kílò mọ́. Wọ́n rà á.

Hámzàt gbé àpò náà kọ́ ọ lẹ́yìn, ó fa okùn rẹ̀ ṣinṣin, ó sì fi ọwọ́ lu èjìká rẹ̀ ọ̀tún láti mọ̀ bóyá okùn náà jókòó dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lù ú. Láìròtẹ́lẹ̀, ìka Olúdáre gbéra sókè nínú afẹ́fẹ́, ó tẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó yára ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Tẹniọlá ti rí i, kò sì mọ ohun tó rí.

Nílé, Tíṣà gbìyànjú. Ó tan rédíò, ó ń wá orin tó ń jáde níbẹ̀ kiri orí kíbọ́ọ̀dù tuntun. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó burú. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó burú sí i. Kó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, orin ti parí, wọ́n ti ń ka ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá tí kò rí, Morẹ́nikẹ́ máa ń mọ̀ ọ́n kó tó mí ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó dùn ún dé egungun. Ó sunkún bí ọmọdé nídìí kíbọ́ọ̀dù, ó pa á, ó fi aṣọ bò ó.

Ọjọ́ pé. Bọ́ọ̀sì gbé wọn dé Òkè-Oyí, ọ̀kadà gbé wọn wọ inú. Olúdáre jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, àpò gígùn wà lẹ́yìn rẹ̀, tìmùtìmù rẹ̀ bo èjìká méjèèjì. Ilé tí wọn ò parí wà bó ṣe wà, koríko ti ń yọ láti inú rẹ̀. Àwọn ará ti pé sídìí sàréè: pásítọ̀, àwọn ọmọ, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ akọrin láti Ṣàngó, àti Màmá Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó ti Ọ̀mù-Àrán wá. Àga oníke nìkan ni wọ́n háyà. Kò sí tábìlì.

Tẹniọlá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Sàréè ìyá rẹ̀ nìkan ló tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ́ dáadáa, ó ga tó orúnkún.

"Ẹ gbé e lé Mọ́mì, Dádì," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọn ò ní í bínú."

Olúdáre dúró pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Ó wo sìmẹ́ǹtì yẹn, ohun tó sì wá sí i lọ́kàn ni pé nínú ilẹ̀ tó wà náà, obìnrin yìí ló tún máa bá òun gbé e. Ó gbé e lé e. Ó fa àga mọ́ra, ó jókòó, ó tan kíbọ́ọ̀dù, iná pupa kékeré tàn lórí rẹ̀.

Pásítọ̀ gbàdúrà. Màmá Ìbídùn sì dá orin. Ohùn kan náà ló ní pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, àfi pé tirẹ̀ ti gbó. Olúdáre gbọ́ ohùn yẹn, gbogbo ara rẹ̀ ń retí èjìká. Èjìká ò gbọ́ nǹkan kan. Ìlà kìn-ín-ní kọjá. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó lù ú, ohun tó jáde bá orin náà jà. Ó fi kún un, ó tún burú. Ó yọ nínú rẹ̀. Àwọn akọrin Ṣàngó wojú ara wọn. Ẹnì kan ní bátìrì ni, ẹlòmíràn ní kíbọ́ọ̀dù kékeré ò dáa. Wọ́n ń bá Tíṣà wá àwáwí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó kàn lè mi orí, kó ní bátìrì ni, kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó dìde. Orin dákẹ́.

"Kì í ṣe bátìrì," ló wí. "Èmi ni. Mi ò mọ ibi tí orin wà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Morẹ́nikẹ́ ló máa ń gbọ́ ọ, á kàn mí léjìká, èmi á tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìyìn tẹ́ ẹ ń yìn mí, òun ló ni ín. Ẹ ń pè é ní aláàárù, mo ń bá yín pè é. Èmi gan-an ni aláàárù. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni mò ń bá a rù."

Tẹniọlá fọwọ́ bo ẹnu. Ó wo ìka bàbá rẹ̀, ó rántí ṣọ́ọ̀bù Hámzàt. Màmá Ìbídùn ló sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ lé etí sàréè, kò sì wo ojú rẹ̀.

"Tíṣà, mo mọ̀," ló wí. "Ó sọ fún mi láti ọdún tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó. Ó ní kí n má wí fún ẹnikẹ́ni, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì yín, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Bẹ́ ẹ ṣe gba máíkì tẹ́ ẹ nawọ́ sí i, ó di ọwọ́ mi mú pinpin. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹ́ sọ ọ́ báyìí.'"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu etí sàréè náà.

"Ẹ sì pè é ní aláàárù."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìbínú ì bá tiẹ̀ sàn. Ó padà sáàyè rẹ̀, ó dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn gbè é títí dé òpin láìsí kíbọ́ọ̀dù, ó sì dùn. Olúdáre dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè bá wọn gbè é. Wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́, wọ́n kí ara wọn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀kadà.

Ó tẹ̀ba láti gbé kíbọ́ọ̀dù kúrò lórí sàréè. Iná pupa rẹ̀ ṣì ń tàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó gbìyànjú, kò gbéra. Ó tún gbìyànjú. Kílò mẹ́rin ààbọ̀ ni, gbogbo ayé bá a kà á níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyábọ̀dé.

"Tẹniọlá," ló pè, kò gbójú sókè, "wá bá mi di ìdí rẹ̀ mú."